Fáìlì 17, àti ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta: àyẹ̀wò ọdún mi

Fáìlì 17 ló gba ọwọ́ mi kọjá lọ́dún yìí. Àwọn olùwádìí á kó ohun tí wọ́n wọ̀n, tí wọ́n kà, tàbí tí wọ́n bi àwọn èèyàn wá, èmi á sì bá wọn wo ohun tó wà níbẹ̀. Lónìí ẹ̀jẹ̀ ríru ni, lọ́la irúgbìn ni, lọ́túnla ẹnì kan á gbé ariwo tí ẹ̀rọ gbà láti ojú ọ̀run wá. Mi ò kàwé dókítà, mi ò sì lè dárúkọ ìràwọ̀ mẹ́wàá. Nọ́ńbà ni mo mọ̀. Nínú 17 yẹn, 5 rí ohun tí wọ́n ń wá, 9 kò rí nǹkan kan, 3 kò tíì parí.

Bí mo bá ka iye yìí fún èèyàn, wọ́n á ní ọdún náà kò sunwọ̀n. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí di nǹkan bí oṣù kẹfà. Ṣùgbọ́n ti oṣù kẹta ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí òun ló ń jí mi lóru.

Iṣẹ́ lórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Wọ́n pín àwọn èèyàn sí ọ̀nà méjì. Apá kan gba oògùn tuntun, apá kejì gba hóró tó jọ ọ́ bí ìbejì àmọ́ tí kò ní oògùn kankan nínú. Àwọn tó ń gbé e mì kò mọ èyí tó kàn wọ́n, àwọn tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ wọn náà ò mọ̀. Ọdún méjì gbáko. Nígbà tí fáìlì dé ọwọ́ mi, mo fẹ́ mọ nọ́ńbà tó kéré jù àti èyí tó ga jù, mo bá to òpó kan, ìyẹn òpó tí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ wọn sí, láti kékeré lọ sí ńlá. Òpó kan ṣoṣo o. Àwọn òpó yòókù dúró síbi tí wọ́n wà. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó lo oògùn ni wọ́n kọ sókè fáìlì, àwọn tó lo hóró òfìfo wà nísàlẹ̀. Ẹ ti ń fojú inú rí i: gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó rọlẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó lo oògùn, gbogbo èyí tó ga bọ́ sọ́dọ̀ àwọn yòókù.

Mo rí àbájáde náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Mo ti kọ ímeèlì sí ọ̀gá tó ni iṣẹ́ náà, ó ku kí n tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, ni àbúrò kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi tó ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣé kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn tó lo oògùn yìí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga ju ti ẹni tó kéré jù lápá kejì ni?”

Mo wò ó. Kò sí.

“Ṣé èèyàn máa ń rí bẹ́ẹ̀?”

Mo ní kó lọ kó àwọn ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ wá. A ṣí ti ẹni kẹrìnlá. Lórí ìwé, 168. Lórí kọ̀ǹpútà, 112. Gbogbo ìka ọwọ́ mi tutù.

Nígbà tí mo dá fáìlì náà padà sí bó ṣe wà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín apá méjèèjì kò tó nǹkan tí èèyàn ń pariwo lé lórí. Oògùn náà àti hóró òfìfo, ọgbọọgba ni wọ́n. Mo pa ímeèlì yẹn rẹ́, mo kọ òmíràn tó kúrú.

Àṣìṣe kò ṣàjèjì sí mi, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló ń ṣe é. Ohun tó ká mi lára ni pé inú mi dùn sí irọ́ náà, mi ò sì bi í ní ìbéèrè kan. Bí nọ́ńbà yẹn bá burú ni, ǹ bá ti tú fáìlì náà palẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Èyí tó dùn, mo gbà á wọlé láìbéèrè ibi tó ti ń bọ̀.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ físíìsì kan kò ti kúrò lọ́kàn mi. Lọ́dún 2011, àwọn tó ń ṣe ìwádìí kan tó ń jẹ́ OPERA ń wọn bí èròjà tín-ín-tìn-ín tó ń jẹ́ neutrino ṣe ń yára sí, láti CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì nítòsí Geneva, dé abẹ́ òkè Gran Sasso ní Ítálì, nǹkan bí 730 kìlómítà. Nọ́ńbà tí wọ́n rí sọ pé ó ṣáájú ìmọ́lẹ̀ dé. Ẹ gé ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, 60 nínú rẹ̀ ni ó fi ṣáájú. Ohun tí èyí túmọ̀ sí pọ̀ jù fún ẹnu, torí pé nínú físíìsì tí a mọ̀, ohunkóhun kì í sá ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn yìí fi oṣù bíi mélòó kan wá ibi tí wọ́n ti ṣìnà, wọn ò rí i. Ni wọ́n bá gbé e síta, wọ́n ní kí àwọn ẹlòmíràn bá wọn wò ó. Nígbà tó di 2012, wọ́n rí i: wáyà kan tí wọn ò dè le dáadáa ló jẹ́ olórí ọ̀ràn. Aráyé fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Èmi tí mo ti rí 112 níbi tí 168 yẹ kó wà, ibo ni mo ti fẹ́ rí ẹnu rẹ́rìn-ín?

Ó tún máa ń yí padà. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Penzias àti Wilson, gbọ́ ariwo kan tí kò dákẹ́ nínú ẹ̀rọ agbohùn-ojú-ọ̀run wọn ní New Jersey lọ́dún 1964. Wọ́n rò pé ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Àní wọ́n gbá ìgbẹ́ ẹyẹlé kúrò nínú rẹ̀! Ariwo kò lọ. Ooru tó ṣẹ́ kù látìgbà tí àgbáálá ayé ti bẹ̀rẹ̀ ni, òun ló sì fún wọn ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1978. Àwọn wọ̀nyí wá àṣìṣe débi tí àṣìṣe tán, tó wá ku òótọ́ nìkan.

Ẹ̀ẹ̀kan tí mo gbà pé mo jẹ̀bi ni ti oṣù karùn-ún. Ẹnì kan fi òpó 40 ránṣẹ́, ó ní kí n “sáà wo èyí tó bá jáde”. Mo mọ̀ pé bí èèyàn bá bi nọ́ńbà ní ìbéèrè 20, tí ó sì ń lo òṣùwọ̀n tí gbogbo wa ń lò, ẹyọ kan lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni lásán. Wọ́n ti fi òkú ẹja salmon ṣe é rí, lọ́dún 2009: wọ́n gbé òkú ẹja sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n ń fi fọ́tò èèyàn hàn án, nọ́ńbà sì ní ibì kan nínú ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àfìgbà tí wọ́n ṣe àtúnṣe tó yẹ kí wọ́n ṣe sí ìṣirò náà. Mo mọ gbogbo èyí. Mo ṣe òpó 40 náà síbẹ̀, torí ó rẹ̀ mí, ẹni náà sì ti bẹ̀ mí. Méjì jáde. Mo kọ ọ́ sábẹ́ àbájáde náà pé 40 ni mo wò. Mi ò mọ̀ bóyá ó kà á.

(Ti oṣù keje kò tó ohun tí à ń sọ: Excel, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to nọ́ńbà, rò pé September ni SEPT, ó sọ orúkọ jíìnì (èròjà àjogúnbá inú ara) SEPT1 di ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án nínú fáìlì àtijọ́ kan. Àwọn tó ń sọ jíìnì lórúkọ ti yí i sí SEPTIN1 báyìí. Èèyàn ló juwọ́ sílẹ̀ fún Excel níbẹ̀.)

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sórí àwọn 9 tí kò rí nǹkan. Ohun tó yí ojú mi padà ní oṣù kẹfà ni ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní CAST, tí mo tún jókòó kà. Nígbà yẹn, àwọn dókítà ń fún àwọn tí àrùn ọkàn ti kọlù ní oògùn tó ń mú kí ọkàn tó ń lù ségesège padà lù bó ṣe yẹ. Ó bọ́gbọ́n mu, àbí? Lílù ségesège ń bá ikú rìn, oògùn ń dá a dúró, kí ló tún kù? Wọ́n fi méjì lára oògùn náà, encainide àti flecainide, wé hóró òfìfo. Oògùn náà dá ìlù ségesège dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn 755 tó lò ó, 63 kú; nínú àwọn 743 tó lo hóró òfìfo, 26 ló kú. Lọ́dún 1989 ni wọ́n dá apá yẹn dúró. Kí wọ́n tó wé e, gbogbo aláìsàn tó ń kú lórí rẹ̀ ni wọ́n ń rò pé àrùn rẹ̀ ló pa á.

Mo ka 63 àti 26 yẹn tán, mo ṣí àwọn fáìlì 9 mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀. Àwọn kan wà níbì kan tí kò ní í máa gbé e mì lásán bí wọ́n bá rí ohun tí a kọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé jọ́nà mẹ́ta, ìyẹn ìwé tí àwọn olùwádìí ti ń gbé iṣẹ́ wọn jáde, ló ti dá ohun tí a kọ padà. Èyí àkọ́kọ́ ní kò wu àwọn òǹkàwé òun. Èkejì kò sọ ìdí. Ẹ̀kẹta ní kí a lọ wá ohun tí a rí, bóyá láàárín àwọn obìnrin nìkan, tàbí àwọn tó ti lé ní 60. Ẹ wo òpó 40 tó tún ń pe orúkọ mi! Ọ̀gá kọ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wà lọ́dọ̀ jọ́nà kẹrin báyìí.

Àbúrò yẹn ń lọ kàwé sí i lọ́dún tó ń bọ̀. Kó tó lọ, mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ gbogbo ìbéèrè tó máa ń bi mi sílẹ̀ fún mi, ó ní òun ò mọ̀ pé òun ń bi mi ní nǹkan kan.

Fáìlì àkọ́kọ́ ti ọdún tuntun dé lánàá, ìlà 2,300, lórí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Mo ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì kí n tó ṣí i.