Ẹ jókòó sẹ́yìn mọ́tò yẹn kẹ́ ẹ tó sanwó

Ìbéèrè táwọn èèyàn ń bi mi jù láìpẹ́ yìí ni pé ìdílé àwọn ti ń pọ̀, àwọn ò fẹ́ jíìpù, sàlúùn ńlá tó máa gba gbogbo ilé làwọn fẹ́, ṣé káwọn lọ gbé tíà-rọ́bà ni àbí káwọn wá àlòkù tó ṣì le. Mi ò ní máa yí i po, àlòkù ni, ọlọ́dún mẹ́ta sí márùn-ún, tí ẹni tó ń lò ó ní ìwé gbogbo àtúnṣe tó ti ṣe sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀ o, torí "ó ṣì le" yẹn, kò sẹ́ni tó ń ta mọ́tò tí kì í sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ tuntun kúrò nílẹ̀. Tuntun tẹ́ ẹ ń wá yẹn gan-an ti ń tán lọ́jà. Ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ ilé irú mọ́tò yìí, Ford Taurus kógbá sílé ní 2019, Chevrolet Impala tẹ̀ lé e ní 2020, Toyota Avalon ò kọjá 2022, Chrysler 300 àti Nissan Maxima parí ní 2023. Jíìpù ló lé gbogbo wọn, àwọn èèyàn fẹ́ máa jókòó sókè, ilé iṣẹ́ wo ló sì fẹ́ máa ṣe ohun tí kò tà. Toyota fi Crown rọ́pò Avalon, ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé e ga nílẹ̀, àfi bíi pé òun náà ò tíì pinnu bóyá sàlúùn lòun ni àbí jíìpù (mi ò ní kò dáa o, ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ ọ). Àwọn sàlúùn ńlá tuntun tó ṣẹ́ kù, ti olówó rẹpẹtẹ ló pọ̀ nínú wọn, irú Mercedes S-Class àti BMW 7 Series, ìyẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀ táwa ń sọ.

Ibi tó ti dùn mọ́ wa nìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò bá lé mọ́, owó ẹ̀ máa ń rọ̀. Ẹ lè rí sàlúùn ńlá ọlọ́dún mẹ́rin tó ní àga aláwọ, ẹ́ńjìnnì V6 tó ń fà, éésì tó ń fẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn, kẹ́ ẹ rà á ní iye tí wọ́n máa fi ta tuntun kékeré kan tí orúnkún ẹni tó jókòó sẹ́yìn á máa gún ẹni iwájú nínú ẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ sì ni owó mọ́tò tuntun máa ń já wálẹ̀ jù, ẹni tó kọ́kọ́ gbé e jáde ti bá yín fara mọ́ ìyẹn. Avalon nìkan ló máa ń ṣe agídí díẹ̀, orúkọ Toyota kì í jẹ́ kó rọ̀ bíi tàwọn yòókù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ tuntun, mi ò bá yín jà. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa lo mọ́tò yẹn ọdún mẹ́wàá sókè, tẹ́ ẹ fẹ́ kí wáráńtì bo gbogbo ẹ̀, tí ọkàn yín ò lè balẹ̀ láìmọ ẹni tó ti jókòó níbẹ̀ rí, ẹ lọ rà á. Ẹ má ṣá jẹ́ kí òórùn àga tuntun ló máa bá yín pinnu.

Ó yá, kí là ń pè ní ńlá gan-an? Ìjọba Amẹ́ríkà, lọ́wọ́ EPA, àjọ wọn tó ń bójú tó àyíká, kì í wo gígùn mọ́tò lóde rárá, àyè inú ni wọ́n ń wọ̀n, wọ́n á ro àyè èèyàn pọ̀ mọ́ ti búùtù, tó bá ti tó 120 kúbíìkì fíìtì wọ́n á ní ńlá ni, 110 sí 119 ni wọ́n ń pè ní àárín. Ìdí nìyẹn tí Honda Accord ti 2008 sí 2012 fi wọ ẹgbẹ́ àwọn ńlá lójú ìwé, bẹ́ẹ̀ gbogbo èèyàn ń pè é ní àárín. Ẹ wá wo Taurus ti 2010 sí 2019, mọ́tò gbọ̀ngbọ̀nràn, ó gùn ju mítà márùn-ún lọ, búùtù ẹ̀ ò lẹ́gbẹ́, 20.1 kúbíìkì fíìtì, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá jókòó sẹ́yìn ẹ̀ ẹ máa béèrè pé níbo ni gbogbo gígùn yẹn wọlẹ̀ sí. Impala ti 2014 sókè ò fi bẹ́ẹ̀ ní búùtù tó o, 18.8 ni tiẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ á nà dáadáa lẹ́yìn. Èwo lẹ fẹ́ nínú méjèèjì? Ẹrù ló pọ̀ nílé yín àbí èèyàn?

Nítorí ìyẹn ni mo ṣe máa ń sọ pé ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi sítíárì sílẹ̀ ná. Kí ẹni tó ga jù nínú àwọn tó máa wà á jókòó síwájú, kó sún àga ẹ̀ síbi tó bá a lára mu, kí ẹlòmíì wá jókòó sẹ́yìn ẹ̀ gẹ́lẹ́. Tí orúnkún bá kan àga, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ kékeré, ẹ gbé àga ọmọ yín dání lọ síbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ wo mọ́tò, àní ẹ gbé e dání, pàápàá èyí tí ọmọ ń kọjú sẹ́yìn nínú ẹ̀, torí ìyẹn ló ń gba àyè jù, á ti àga iwájú débi pé bàbá tàbí ìyá tó wà níwájú á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi àyà gba dásíbọ́ọ̀dù. Ẹ so ó mọ́ ọn. Ẹ máa rí i pé irin ISOFIX tí wọ́n fi ń há àga ọmọ, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló sábà máa ń wà, àárín ò ní, bẹ́líìtì lẹ máa fi de tàárín. Tó bá jẹ́ àga mẹ́ta lẹ fẹ́ tò pọ̀, ẹ rí i pé ọwọ́ ṣì ráyè wọlé fi bẹ́líìtì kọ́, àga á wọlé wẹ́rẹ́ o, ọwọ́ ni ò ní wọlé. Ẹni tó ń tà tó bá ń ṣojú fúrú pé ẹ ń dá òun dúró torí àga ọmọ, ẹ kí i pé ó dìgbà.

Nǹkan kan tún wà níbi àárín yẹn. Chrysler 300 àti Dodge Charger, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń tì wọ́n, torí náà ọ̀pá kan gba abẹ́ mọ́tò lọ sẹ́yìn, wọ́n sì gbé ilẹ̀ inú mọ́tò sókè láti fún un láyè. Ọmọ tó bá jókòó sáàárín á fi ẹsẹ̀ ya òkè yẹn, ọ̀kan lápá ọ̀tún ọ̀kan lápá òsì, á sì máa fi bàtà gbá àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ títí tẹ́ ẹ máa fi débi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Avalon, Impala, Maxima, ẹsẹ̀ iwájú ló ń fà wọ́n, ilẹ̀ tiwọn tẹ́jú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin méjì pẹ̀lú ọmọ méjì ni, ẹ gbàgbé ohun tí mo sọ yìí, 300 á tù yín lára.

Bí òbí yín tó ti dàgbà bá ń bá yín wọ mọ́tò, ẹ ní káwọn náà wọlé kí wọ́n sì jáde. Sàlúùn rẹlẹ̀ ju jíìpù lọ, ẹlòmíì tí orúnkún ń dùn á gbádùn à ń wọlé, à á wá máa fà á jáde. Ẹ wo òrùlé lápá ẹ̀yìn náà, àwọn mọ́tò tí wọ́n ti ń ṣe láìpẹ́ ni wọ́n ń fi òrùlé ẹ̀ yọ̀ wálẹ̀ kó lè rẹwà, orí làwọn àgbà á sì máa fi gbá a.

Tó bá ti kan ti ààbò, mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sọ̀kalẹ̀ jù. Ẹ̀rọ tó ń kó mọ́tò níjàánu kó má yọ̀ dànù, ìyẹn ESC, ó ti di dandan lórí sàlúùn ní Amẹ́ríkà láti mọ́dẹ́ẹ̀lì 2012. Ọdún 2012 yẹn náà ni IIHS, àjọ àwọn ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ní Amẹ́ríkà tó máa ń fi mọ́tò gbá nǹkan láti dán ààbò ẹ̀ wò, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan tí wọ́n á jẹ́ kí igun iwájú mọ́tò nìkan gbá nǹkan, ó sì tú àṣírí ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ti ń gbọ́ oríyìn tẹ́lẹ̀. Kámẹ́rà ẹ̀yìn di dandan ní May 2018. Bí apá yín bá ká a, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ mú 2018 sókè, àwọn ọmọ tó máa ń sáré gba ẹ̀yìn mọ́tò kọjá nílé ni mo ń rò.

Wàyí o, àìsàn. Mọ́tò kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ tèyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà. Taurus tó ń lo V6 3.5, inú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi pọ́ǹpù omi ẹ̀ sí, ṣéènì tímíǹgì ló ń yí i, bó bá bẹ̀rẹ̀ sí jò, omi lè lọ pò mọ́ ọ́ìlì láìjẹ́ pé ẹ rí ẹ̀kán kan nílẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì lọ síbẹ̀. Títún un ṣe kì í ṣe iṣẹ́ wákàtí kan, wọ́n á tú iwájú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ ni. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, tẹ́ ẹ bá rí ohun funfun tó ń yọ fọ́ọ̀mù lábẹ́ ẹ̀, ẹ máa lọ. Chrysler 300 àtijọ́ tó ń lo V6 2.7, ọ́ìlì máa ń dì pọ̀ nínú ẹ̀, mi ò ní gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, V6 3.6 tó dé ní 2011 sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Avalon tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí 2005 sókè, páìpù rọ́bà kan wà tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí VVT-i, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣètò ìgbà tí fáàfù ẹ́ńjìnnì ń ṣí, rọ́bà yẹn lè bẹ́ kí ọ́ìlì tú dànù lójijì, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fi onírin rọ́pò ẹ̀. Maxima, jíà CVT ni, ìyẹn jíà aládàáṣe tí kì í ní wáànù, túù, ẹ wà á gba òkè kan, tó bá ń gbọ̀n tàbí tó ń pariwo tí kò sì lọ, kò sí ẹjọ́ mìíràn. Impala ní tiẹ̀, orúkọ lẹ máa ṣọ́ra fún, láti 2014 sí 2016 méjì ló wà lẹ́ẹ̀kan náà, tuntun kan, àti ti àtijọ́ tí wọ́n sọ ní Impala Limited tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tó ń fi mọ́tò yáni àtàwọn ilé iṣẹ́. Ọdún kan náà ni ìwé méjèèjì á gbé, mọ́tò yàtọ̀ síra pátápátá.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ wò ó, ẹ ní kí wọ́n má tíì tan án rárá kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó bá ti gbóná, wọ́n ti ń pa nǹkan mọ́ fún yín, torí ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ló máa ń sọ òótọ́. Nọ́ńbà ṣáṣí, ìyẹn VIN, ẹyọ 17 ni, èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú gbọ́dọ̀ bá ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ti ìwé mu, ẹyọ kẹwàá ló sì ń sọ mọ́dẹ́ẹ̀lì ọdún tó jẹ́, J ni 2018, K ni 2019, L ni 2020. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, ẹ lè tẹ nọ́ńbà yẹn sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á sọ fún yín bóyá ó ní ìpadàsílé (recall, àléébù tí ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n gbé mọ́tò padà wá fún àtúnṣe) tí wọn ò tíì ṣe, ọ̀rọ̀ éábáàgì Takata yẹn ò tíì tán nílẹ̀ o, àìmọye mílíọ̀nù ló kàn. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó dé òpin, gbogbo ẹ̀ pátá, mọ́tò tí omi ti wọ̀ rí, ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ máa ń sá pamọ́ sí, wọ́n á fọ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fín lọ́fínńdà sí i, wọn kì í rántí bẹ́líìtì. Mítà lè purọ́, rọ́bà ẹsẹ̀ búrèékì kì í purọ́, mọ́tò tí wọ́n ní kò tíì rìn tí rọ́bà yẹn ti dán, tí sítíárì ẹ̀ ti ń yọ̀, ẹ máa fojú sí i lára. Táyà náà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára kóòdù DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ìyẹn ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ní 2019, ẹ bá a ṣírò.

Kẹ́ ẹ sì mú mẹkáníìkì tiyín dání. A kì í fojú olójú ṣòwò ká jèrè, mẹkáníìkì tí ẹni tó ń ta mọ́tò bá yín wá, ojú olójú nìyẹn. Tiyín á fi ẹ̀rọ sínú ihò OBD, ibi tí wọ́n ti ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà mọ́tò ń sọ, gbogbo mọ́tò tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní in, kó má kàn wo bóyá kóòdù àṣìṣe wà o, kó wo bóyá àwọn mọ́nítọ̀, ìyẹn àyẹ̀wò tí mọ́tò ń ṣe fún ara ẹ̀, ti parí. Bí èyí tó pọ̀ níbẹ̀ bá ń sọ pé àwọn ò tíì ṣetán, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì (check engine) rẹ́ ní òwúrọ̀ yẹn.

Tẹ́ ẹ bá ń dán an wà, kí gbogbo ilé wọlé, kí búùtù náà ní ẹrù. Ẹ dúró sẹ́yìn kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń rẹ ìdí sílẹ̀, ṣọ́ọ̀kì tó ti kú á hàn. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé kẹ́ ẹ ti wọn gárééjì yín, Impala gùn tó mítà 5.1.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo ní owó lọ́wọ́, Avalon Hybrid ti 2020 sí 2022, èyí tó ń lo epo àti bátìrì pọ̀, ni màá lọ wá. Epo tó ń mu ò tó nǹkan fún ìwọ̀n ara ẹ̀, ní Amẹ́ríkà sì rèé, láti mọ́dẹ́ẹ̀lì 2020 ni Toyota ti fún bátìrì hybrid ní wáráńtì ọdún 10 tàbí máìlì 150,000, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé, mọ́tò ló sì ń tẹ̀ lé, ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ ṣì máa jẹ nínú ẹ̀. Bí owó ò bá dé ibẹ̀, Impala V6 láti 2014 sókè, èyí tí kì í ṣe Limited, bó tiẹ̀ dàgbà ju ọdún márùn-ún tí mo sọ lókè lọ. Taurus, àfi kí pọ́ǹpù omi yẹn ti di tuntun kí ìwé ẹ̀ sì wà nílẹ̀, mi ò gba ti ẹnu.