Ta Ló Ni Stores?

Bàbá mi kì í pe orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn tán. “Stores” lásán ni wọ́n máa ń sọ, bí ẹni ń pe àbúrò rẹ̀, àwa ọmọ sì ti gbọ́njú kí a tó mọ̀ pé ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ta bébà, tádàwà àti fáìlì ni orúkọ náà ti wá. Israel Adebajo ló ni ilé ìtajà yẹn. Ohun èlò ọ́fíìsì ló ń tà l’Ékòó, lábẹ́ òwò náà ló sì ti dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Stationery Stores sílẹ̀ ní 1958, ọdún méjì kí Nàìjíríà tó gba òmìnira.

Bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà náà nìyẹn. Láti 1945 tí ìdíje tí gbogbo ènìyàn wá ń pè ní Challenge Cup ti bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbà á lọ sílé: Marine ló kọ́kọ́ gbà á, Rélùwéè gbà á lẹ́ẹ̀meje, UAC gbà á ní 1950, ECN tí wọ́n ń pèsè iná mànàmáná sì gbà á ní 1960. Kò sí líìgì tí agbábọ́ọ̀lù fi ń ṣiṣẹ́ jẹ. Akọ̀wé ni ẹlòmíràn, mẹkáníìkì ni ẹlòmíràn. Wọn a wọṣẹ́ láàárọ̀ bí òṣìṣẹ́ yòókù, bó bá di ọ̀sán, ọ̀gá a jẹ́ kí wọ́n tètè jáde lọ ṣe ìdánrawò. Iṣẹ́ olówó oṣù ni ìdẹ tí wọ́n fi ń fa ọ̀dọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù wọlé. Ohun tó mú Stores yàtọ̀ ni pé ìjọba kọ́ ló ni ín, òyìnbó kọ́ ló sì ni ín. Ọmọ Yorùbá kan tó ń ta bébà ló ń tọwọ́ bọ àpò nítorí rẹ̀. Ní tèmi o, ìdí tí àwọn ará Èkó fi gbà á bí ohun ìní ara wọn kò ju ìyẹn lọ.

Ní 1967, ọdún tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, Stores gba Challenge Cup. Ní 1968, wọ́n tún gbà á. Bàbá mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà àkọ́kọ́, Lafiaji ni wọ́n ń gbé, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì máa ń fi rìn lọ sí pápá ìṣeré tó wà ní Oníkan. Wọn kì í ní owó ìwọlé. Orí ògiri ni àwọn àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn máa ń gùn, ẹnì kan a di ẹsẹ̀ ẹnì kejì mú nísàlẹ̀, wọn a máa fi ara wọn pààrọ̀ bí ẹni ń pín oúnjẹ, ẹni tó bá wà lókè ló sì ń ròyìn fún àwọn tó wà nílẹ̀. Títí di òní, bí wọ́n bá ń sọ bí Peter Fregene, aṣọ́lé Stores, ṣe máa ń fò láàárín òpó ilé, ohùn ẹni tó wà lórí ògiri ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Sunny Ade, tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ olórin, fi orin kí ẹgbẹ́ náà, orin yẹn sì wà lára èyí tó jẹ́ kí aráyé mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Nàìjíríà lọ sí Òlíńpíìkì ní Mẹ́síkò lọ́dún 1968, tí wọ́n sì ta ọ̀mì 3-3 pẹ̀lú Bràsíìlì, àwọn ọmọ Stores kò gbẹ́yìn nínú ẹgbẹ́ náà.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Adebajo kú. Ẹgbẹ́ tí ẹnì kan ṣoṣo ń fi owó rẹ̀ gbọ́ ì bá ti bá olówó wọ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ti Stores kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn alátìlẹ́yìn kò yéé pe ara wọn ní Adebajo Babes, àní àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú ọkùnrin náà pàápàá, tí wọn kò fojú rí i rí. Haruna Ilerika dé, ó ń fi bọ́ọ̀lù da orí àwọn adènà rú, àwọn ènìyàn sì ń sanwó wá wo òun nìkan. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. IICC, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn, ni tiwọn, ẹnu wọn kò sì ṣeé pa dé láti 1976 tí IICC ti gba African Cup Winners’ Cup, ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà tí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan kò tíì gbà rí ṣáájú wọn. Stores dé àṣekágbá ìdíje kan náà ní 1981, Union Douala ti Kamẹrúùnù ló fẹ̀yìn wọn balẹ̀. Ilé wa kò gbádùn ní ọ̀sẹ̀ yẹn, gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ti wí. Wọ́n fi Challenge Cup ti 1982 pa ìbànújẹ́ rẹ́. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni aṣọ́lé kan tó ń jẹ́ Peter Rufai ti bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo ayé tó mọ orúkọ rẹ̀.

Líìgì tí a ti ń gba owó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1990. Stores gba Challenge Cup lọ́dún náà, wọ́n sì gba líìgì ní 1992, nítorí náà kì í ṣe àìmọ̀ọ́gbá ló pa wọ́n. Àríyànjiyàn lórí ẹni tó ni ẹgbẹ́ ló délé ẹjọ́, ẹgbẹ́ sì já kúrò lójú ọpọ́n. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí a kò rí wọn lórí pápá, bí a bá sì gbọ́ pé wọ́n ti jí i dìde, kì í pẹ́ tí ariwo náà á tún fi rọlẹ̀. Mo ti jókòó ti àwọn àgbà alátìlẹ́yìn rí, mo gbọ́ tí wọ́n ń jiyàn pé àwọn tó ń pariwo lójú pápá ló ni Stores, pé kò sí ilé ẹjọ́ tó lè pín ohun tí gbogbo Èkó ti jogún. Kò sí adájọ́ tí yóò dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láre, ṣùgbọ́n mi ò lè bá wọn jiyàn.

Wọ́n ti tún Oníkan kọ́, orúkọ Mobolaji Johnson ló sì ń jẹ́ báyìí. Mo mú bàbá mi lọ síbẹ̀. Wọ́n wá ògiri wọn títí, wọn kò rí i. Wọ́n wá bi ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu géètì léèrè bóyá Stores ṣì máa ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀.

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú o, Bàbá. Ṣọ́ọ̀bù wo lẹ ń wá?”