Ìdí wagon ti kúrò nílẹ̀

Ẹ bá mi yọ̀ o! Peugeot 504 wagon tí bàbá mi fi sílẹ̀ ti ń wọ́ ìdí bíi pẹ́pẹ́yẹ láti ọjọ́ yìí. Bí mo bá kó iṣu sí i ní Ọjà Tuntun, kí n tó dé Lágéré, táyà á ti máa ha ara ọkọ̀ lókè.

Mo rò pé ṣọ́ọ̀kì, irin tó ń dá ìjó ọkọ̀ dúró, ni. Ọ̀gá mẹkáníìkì tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó jó fún ìgbà mẹ́rin kó tó dúró. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣọ́ọ̀kì ti kú, àmọ́ òun nìkan kọ́ o."

Sípíríǹgì mẹ́rin ló wà lẹ́yìn wagon yìí, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Ọ̀kan ti ṣẹ́! Ojú ibi tó ti ṣẹ́ ti dípẹtà, a jẹ́ pé ó ti pẹ́. Rọ́bà búṣì tó wà ní oríkèé irin abẹ́ ọkọ̀ ńkọ́? Ó ń rún mọ́ mi lọ́wọ́ bí àádùn.

Ló bá di pé ká pààrọ̀ gbogbo wọn. Nọ́ọ̀tì ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ló jẹ wákàtí kan gbáko kó tó tú. A lo epo bírèkì, a lo òòlù, a lo èébú.

Ọ̀gá ò fún nọ́ọ̀tì búṣì pa àfìgbà tí ọkọ̀ padà dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní bí òun bá fún un pa lórí jáàkì, rọ́bà á lọ́, kò ní pẹ́ ya.

Lánàá, Màmá jókòó sẹ́yìn, a gba inú kòtò tí a máa ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ti wá tún títì yìí ṣe ni?"