Ẹ Yí Ewé Chrysanthemum Yín Wò Kí Ẹ Tó Ra Oògùn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbin òdòdó chrysanthemum sẹ́yìnkùlé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ojú ewé kì í sọ tán. Tẹ́ ẹ bá rí àmì róbótó tó ní àwọ̀ ìyeyè rẹ́súrẹ́sú lójú ewé, ẹ yí i wò lábẹ́. Bí kókó funfun kéékèèké bá wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́, bíi kí àbẹ́là kán sí i, àrùn ìpáàra funfun (white rust) nìyẹn, òun ni mo sì kà sí èyí tó burú jù.

Bí omi bá dúró lára ewé fún nǹkan bíi wákàtí 5, àrùn náà ti lè wọ inú ewé. Ó lè tó ọjọ́ 7 sí 10 kí kókó náà tó yọ, nítorí náà ewé tó mọ́ lónìí lè ti ní in. Jíjá ewé nìkan kò tó. Ẹ hú odindi igi náà, ẹ di í sínú ọ̀rá níbẹ̀ kí ẹ tó gbé e kọjá láàárín àwọn yòókù. Ẹ má gé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn, bó ti wù kí òdòdó rẹ̀ rẹwà tó. (Èyí tó bá fi ìyẹ̀fun pupa-rúsúrúsú sí yín níka, ìpáàra mìíràn ni; ìyẹn rọjú díẹ̀.)

Àrùn méjì kan wà tí wọ́n máa ń ṣì mú fún ara wọn, torí ìsàlẹ̀ ni méjèèjì ti ń gòkè. Ẹ wo etí àmì náà. Bó bá róbótó, tó dúdú, omi tó ń ta láti ilẹ̀ ló gbé e wá. Ẹ já ewé náà nígbà tó bá gbẹ. Bó bá dúró síbi iṣan ewé bíi kí wọ́n fi rúlà fà á, aràn àìfojúrí ni, oògùn ìpáàra kò sì lè ṣe é ní nǹkan kan. Nígbà òtútù, ẹ gé igi náà kúrú, ẹ fọ iyẹ̀pẹ̀ gbòǹgbò rẹ̀, ẹ rì í sínú omi 46°C fún ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn náà sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀. Ẹ lo tẹ̀mómítà: bó bá gbóná jù, igi á kú, bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, aràn ò ní kú.

Igi tó di ràrá, tó yára yọ òdòdó wẹ́wẹ́, kò ní oògùn. Ọwọ́ àti ọ̀bẹ ló ń gbé àrùn yẹn kiri. Ìwọ̀n bleach kan sínú ìwọ̀n omi 9 ni mo fi ń fọ ọ̀bẹ láti igi kan sí òmíràn.

Ìdí igi ni kí ẹ máa bomi rin, láàárọ̀, kí àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà 45 sì wà láàárín igi. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìpáàra fi omi du wọn: gbòǹgbò tí òùngbẹ ń gbẹ ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun funfun, tó jẹ́ àrùn mìíràn, bo ojú ewé.