Bàbá Onílé Fẹ̀ Tó 1,032 Kìlómítà

Ẹ bá mi bẹ Bàbá Onílé wa o. Òkè Ìjẹ̀bú, ní Àkúrẹ́ níbí, là ń gbé. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama, ìràwọ̀ ló sì ń pa mí bí ọtí.

Òkúta kan wà tó ń yí oòrùn po lọ́hùn-ún, ó jìnnà débi pé awò tí mo fi ń wo ìràwọ̀ kò lè rí i láéláé. Ṣùgbọ́n bó bá kọjá níwájú ìràwọ̀, òjìji rẹ̀ á gba orí ilẹ̀ ayé kọjá, ẹni tó bá wà lábẹ́ òjìji yẹn á rí i tí ìràwọ̀ náà pòórá, tí á sì tún yọ. Ẹni tó bá ka ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀ ti wọn òkúta náà nìyẹn. Báyìí ni wọ́n ṣe rí òrùka tó yí pílánẹ́ẹ̀tì Uranus ká ní 1977. Ní 2013, ìràwọ̀ kan ṣẹ́jú kó tó wọ ẹ̀yìn Chariklo, òkúta ojú ọ̀run kan, ó tún ṣẹ́jú lẹ́yìn tó yọ, ni wọ́n bá mọ̀ pé nǹkan kékeré yẹn náà wọ òrùka. Ní 2018, àwọn ará Amẹ́ríkà kó awò lọ sí Senegal nítorí irú òjìji bẹ́ẹ̀. Bí Senegal bá rí i ṣe, kí ló ṣe Àkúrẹ́?

Àsọtẹ́lẹ̀ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ní òjìji òkúta tèmi á dé ọ̀dọ̀ wa ní 02:17. Òkúta náà fẹ̀ tó nǹkan bí 250 kìlómítà, òjìji rẹ̀ ń sáré kìlómítà 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ìràwọ̀ kò lè pamọ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 tàbí 11 lọ.

Mo yọ gílóòbù ẹ̀yìnkùlé, mo so kámẹ́rà mọ́ awò, mo fi aṣọ borí èmi àti láptọ́ọ̀pù bí ẹni ń fa ooru àgbo ibà. Ìràwọ̀ náà ti sọ̀ kalẹ̀, ó ku díẹ̀ kó fara kan tánkì omi Bàbá. Ní nǹkan bí aago méjì, iná dé, ẹ̀rọ omi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. N kò kọbi ara sí i.

Aago pé 2:17. Ìràwọ̀ ṣẹ́jú! Ó rẹ̀ sílẹ̀, kò kú, ó tún tàn. Òrùka! Kí n tó mí, ó kú pátápátá. Mo ń kà á: mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá… ogún… ogójì. Ní 43 ló yọ. Mo ṣírò rẹ̀ lábẹ́ aṣọ: 43 lọ́nà 24, 1,032 kìlómítà. Láti Àkúrẹ́ dé Maiduguri! N kò mọ ìgbà tí mo figbe ta: "Ó gbé e mì! Ó gbé e mì tán!"

Ohùn kan dáhùn lókè: "Ta ló gbé kí ni mì?"

Bàbá Onílé ni, lórí àkàbà, nínú ṣòkòtò péńpé, wọ́n ń yẹ tánkì wò kó má baà kún dànù. Òrùka mi ni ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń wọn omi. Òkúta mi, kí wọ́n má bínú, ni ìdí wọn. Igbe mi sì ti já ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ wọn sínú tánkì.

"Tíṣà, èmi lo ní wọ́n gbé mì?"

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí simẹ́ńtì tútù. Mo ṣàlàyé Chariklo. Mo tún dọ̀bálẹ̀. Ìyá Onílé jáde tàwọn ti tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ṣàánú mi, wọ́n bá mi gbé awò wọlé kí ìrì má pa á. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ wọlé, Bàbá ní kí n gòkè lọ yọ ọ̀pá. Apá mi wọ omi dé èjìká, mo kẹ́yìn sí ojú ọ̀run, ọ̀pá ọ̀hún sì ń yọ̀ bí ilá.

Ilẹ̀ mọ́ kí n tó tún àsọtẹ́lẹ̀ náà kà. Lẹ́tà méjì wà lẹ́yìn 02:17 tí mo ti fojú fò: UT. Aago Greenwich ni, tiwa sì fi wákàtí kan ṣíwájú. Mo lọ bi Ìyá Onílé pé aago mélòó ni mo wà lórí àkàbà.

"Ó ti lé díẹ̀ ní mẹ́ta, ọmọ mi. Ó rẹ̀ ọ́, àbí?"

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bàbá bá mi níbi tí mo ti ń nu dígí awò. Wọ́n dúró, wọ́n wò mí títí. "Èyí tó ń bọ̀ yìí, aago tiwa ni àbí aago òyìnbó? Kí n lè mọ ìgbà tí màá gun àkàbà."