Ojú Ayé Lórí Yìnyín

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 13, gba fóònù mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Adó-Èkìtì, ó sì ń wo fídíò àtijọ́ kan, níbi tí ọmọbìnrin ará Japan kan ti ń jó lórí yìnyín. Kò pẹ́ tí ijó náà bẹ̀rẹ̀ tí ọmọbìnrin náà fò, tí ó sì ṣubú bí ẹni tí wọ́n yọ àga lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ wa bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àǹtí, ṣé iṣẹ́ tó ń ṣe láti kékeré nìyí, tí kò sì tíì mọ̀ ọ́n ṣe?”

Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ẹni náà. Mao Asada ni, ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 2014, ní ìdíje Òlíńpíìkì ìlú Sochi ní Rọ́ṣíà. Kí ó tó dé ibẹ̀, ó ti gba ipò kìíní lágbàáyé lẹ́ẹ̀mejì, ní 2008 àti 2010, ó sì ti gba fàdákà ní Òlíńpíìkì Vancouver, níbi tí ó ti fo triple Axel lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìdíje kan ṣoṣo, ohun tí obìnrin kankan kò ṣe rí ṣáájú rẹ̀. Axel yìí nìkan ni fífò tí eléré ti ń kọjú síwájú nígbà tí ó bá ń gbéra, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ yí po lẹ́ẹ̀mẹta àti ààbọ̀ nínú afẹ́fẹ́ kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo balẹ̀, pẹ̀lú abẹ irin lábẹ́ bàtà, lórí ohun tí ó ń yọ̀. Èyí ni ó gbé e ṣubú lálẹ́ ọjọ́ náà. Máàkì 55.51 ni wọ́n fún un fún ijó kúkúrú, ìyẹn àkọ́kọ́ nínú ijó méjì tí wọ́n máa ń ro máàkì wọn pọ̀, ó sì wà ní ipò kẹrìndínlógún. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Yoshiro Mori, ẹni tí ó ti ṣe olórí ìjọba Japan rí, sọ ní gbangba pé ọmọ yẹn a máa ṣubú ní gbogbo ìgbà tí ó bá ṣe pàtàkì.

Ní ọjọ́ kejì, Asada padà sórí yìnyín kan náà, ó fo Axel náà, ó sì dúró. Máàkì 142.71 ni ó gbà, èyí tí kò gba irú rẹ̀ rí fún ijó gígùn, tí í ṣe ijó kejì, ó sì fi gun òkè láti ipò kẹrìndínlógún dé ipò kẹfà. Nígbà tí orin dákẹ́, ó sunkún níbi tí ó dúró sí. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, ó gba ipò kìíní lágbàáyé lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹsẹ̀ tí ó yẹ̀ lánàá náà ni ó dúró lónìí, kò sì sí ẹni tí ó lè kọ́ ohun tuntun láàárín òru kan. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ní ọjọ́ kìíní, wúrà tí kò tíì gbà ti wà lọ́rùn rẹ̀, gbogbo ìlú ni ó sì fi í kọ́ ọ. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ti bọ́ ọ kúrò.

Fífò kan lórí yìnyín kì í pé ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èrò kò lè ráyè wọ inú àkókò tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ara ni ó gbọ́dọ̀ dá a ṣe, bí ó ti ṣe é lẹ́gbẹ̀rún ìgbà níbi ìdánrawò. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá ti dé, tí àyà ń lù, tí iṣan sì ń le, orí a máa fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀. Ẹ wo àwọn obìnrin wa ní Èkìtì tí méjì nínú wọn ń gún iyán nínú odó kan: bí ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sí bí ọmọ odó òun ṣe ń balẹ̀, kò ní pẹ́ tí ọmọ odó yóò fi kan ọmọ odó. Bí eré yìí ṣe rí gan-an sì tún ń fún ìrònú láyè. Àwọn eléré mẹ́fà ni ó sábà máa ń jọ wọlé láti na ara fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, lẹ́yìn náà ẹni tí orúkọ rẹ̀ gbẹ̀yìn lè jókòó ju ìdajì wákàtí lọ lẹ́yìn aṣọ ìkélé, kí ó máa gbọ́ àtẹ́wọ́ tí wọ́n ń pa fún ẹlòmíràn. Bí ó bá sì ṣe tirẹ̀ tán, wọn yóò mú un lọ sí ìjókòó kan tí orúkọ ibẹ̀ ń jẹ́ ibi ìfẹnukonu àti ẹkún (èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀), níbi tí kámẹ́rà yóò ti kọjú sí i títí tí máàkì yóò fi jáde. Mo rò pé ìkà wà nínú ìyẹn. Ẹni tí ó bá féèlì ìdánwò níhìn-ín ṣì lè lọ ka èsì rẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Mo mọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 15, mo máa ń fò sókè fún ilé-ẹ̀kọ́ wa, mo sì máa ń fo mítà 1.45 ní pápá wa, ewúrẹ́ nìkan ni ó ń wò mí. Nígbà tí wọ́n mú mi fún ìdíje ìpínlẹ̀, olórí ilé-ẹ̀kọ́ wa sọ níwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ pé ife ti di tiwa, ó sì ní kí wọ́n nu ibi tí yóò jókòó sí nínú ọ́fíìsì òun. Pápá ìṣeré Olúyẹmí Káyọ̀dé ni a lọ, èyí tí wọ́n fi sọ orí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí wọ́n jọ sáré gba fàdákà fún Nàìjíríà ní Barcelona ní 1992. Mítà 1.35 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Mo gbé ọ̀pá náà ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí mo rántí kì í ṣe ọ̀pá náà, bí kò ṣe pé mo ń rí ibi tí wọ́n nù fún ife yẹn nínú ọ́fíìsì ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń sáré bọ̀. Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, ẹnikẹ́ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ tó dára ti bàbá, èyí tí kò dára ti ìyá. Láàárọ̀ mo jẹ́ ọmọ gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, nígbà tí ó fi di ìrọ̀lẹ́ ìyá mi nìkan ni ó ni mí. Òun ni ó gbé iyán kalẹ̀, tí ó sì béèrè bóyá ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Mo ti gbà fún ìgbà pípẹ́ pé ìrètí àwọn ènìyàn ni gbogbo àìsàn náà, pé bí a bá ti gbé e kúrò, eléré yóò fò. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Nathan Chen ti Amẹ́ríkà ní Òlíńpíìkì PyeongChang ní 2018 kín mi lẹ́yìn: ó bọ́ sí ipò kẹtàdínlógún nínú ijó kúkúrú, ní ọjọ́ kejì ó gbìyànjú fífò mẹ́fà tí a ń yí lẹ́ẹ̀mẹrin, ó gba 215.08, èyí tí ó ga jù lọ lọ́jọ́ náà, ó sì parí sí ipò karùn-ún. Ṣùgbọ́n Beijing 2022 ba àlàyé mi jẹ́. Ìrètí tí ó wà lórí Chen níbẹ̀ kò kéré rárá, nítorí ó ti gba ipò kìíní lágbàáyé lẹ́ẹ̀mẹta láàárín, síbẹ̀ ó gba 113.97 nínú ijó kúkúrú, tí kò sí ẹni tí ó gba irú rẹ̀ rí, ó sì gba wúrà. Ohun tí mo rò báyìí ni pé ẹni tí ó ti ṣubú lójú gbogbo ayé rí ti mọ bí ilẹ̀ ṣe jìn tó. Ẹrù náà kò fúyẹ́, ó kàn ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ ni.

Ọmọ kékeré kò lè mọ̀ ọ́n. Ní Beijing yẹn kan náà, Kamila Valieva ti Rọ́ṣíà, ọmọ ọdún 15, jó nígbà tí ẹjọ́ oògùn wà lórí rẹ̀, tí àwọn aláṣẹ sì ti kéde pé àwọn kò ní ṣe ayẹyẹ àmì-ẹ̀yẹ bí ó bá wà lára àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́. Òun ni ó ṣíwájú lẹ́yìn ijó kúkúrú. Nínú ijó gígùn, ó ṣubú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì parí sí ipò kẹrin. Ọ̀rọ̀ oògùn náà kì í ṣe eré, ṣùgbọ́n orí ajànàkú ni wọ́n gbé ru ọmọdé.

Mo fi fídíò ọjọ́ kejì Asada han ọmọ wa. Ó wò ó tán láìsọ̀rọ̀, ó sì tún un wò. Òun fúnra rẹ̀ yóò sá mítà 200 fún ilé aláwọ̀ ewé ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ìyá rẹ̀ sì ti sọ fún gbogbo ìsọ̀ tí ó yí tirẹ̀ ká lọ́jà pé kí wọ́n wá wo ẹni tí yóò gba ipò kìíní. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kí ó jẹ́ kí ọmọ sáré ná kí ó tó ra ankárá fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó wò mí lójú, ó ní aṣọ ti wà lọ́dọ̀ télọ̀ láti ọjọ́ Ẹtì.