Ìbejì láti ọ̀dọ̀ bàbá mi

Nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe síkáànù fún mi láàárọ̀ yìí ni. Ọmọ méjì, kálukú nínú àpò tirẹ̀! Ọ̀kan ń ta ẹsẹ̀, èkejì fọwọ́ bojú. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú mi.

Ìyá ọkọ mi ní ìdílé àwọn ló ti wá. Nọ́ọ̀sì ní, "Rárá o, Màmá. Obìnrin tí ẹyin méjì bọ́ lára rẹ̀ lóṣù kan náà ló sábà máa ń bí irú ìbejì yìí." Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ rí jíìnì méjì (ohun àjogúnbá inú ara) tó lọ́wọ́ sí i, FSHB àti SMAD3. Ọkùnrin pẹ̀lú lè gbà á lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kó fún ọmọbìnrin rẹ̀.

Ìyá tó bí bàbá mi, ìyá ìbejì ni! Bàbá mi dákẹ́ lórí fóònù, ó wá ń kì mí.

Ẹ̀yin ìyá ìbejì, ìdílé ìyá yín ni tiyín ti wá àbí ti bàbá?